Ohun Tí Iná Kékeré Ara DAC Ń Sọ

Ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Kí ló dé tí ẹni mẹ́ta á ra irú DAC kan náà, ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà inú fáìlì orin di ohùn, àwọn kékeré tó ń wọ ihò ṣájà fóònù, tí ọ̀rọ̀ wọn ò sì ní bá ara mu? Ẹni kìíní á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ohun tó wà nínú orin tí òun ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni kejì á ní òun ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Ẹni kẹta á ní ohùn tilẹ̀ tún wá rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé wọ́n fi owó lu òun ní jìbìtì.

Ó rọrùn láti sọ pé etí kì í rí bákan náà, kí a sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ síbẹ̀. Èmi gbà pé òótọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ. Ìdáhùn wà nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín fóònù, DAC àti íápíìsì, ibi tí nọ́ńbà ńláńlá tí wọ́n kọ sára páálí kì í dé. Gbogbo fóònù ló kúkú ní DAC tirẹ̀ nínú, títí kan èyí tí kò ní ihò íápíìsì. Bí kò bá ní in, agbóhùnsókè rẹ̀ ò ní fọhùn. Nítorí náà, ohun tó yẹ ká béèrè ni pé kí ni DAC ìta ń ṣe tí ti inú kò ṣe.

Ìgbà tí iná ò yí padà

Ọ̀pọ̀ DAC kékeré ló ní iná kan lára tó ń yí àwọ̀ padà, àwọn mìíràn sì ní ojú pélébé tó ń kọ nọ́ńbà. Iṣẹ́ iná náà ni láti sọ iye sáńpù, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó ń sọ bí ohùn ṣe rí ní àkókò kọ̀ọ̀kan, tí fóònù ń fi ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan: 44.1 dúró fún 44,100, 48 fún 48,000, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ dé 192 tàbí 384. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀, inú ìwé kékeré tó bá a wá lẹ ó ti rí i.

Ẹ ki DAC bẹ́ẹ̀ bọ fóònù Android kan, kí ẹ ṣí áàpù orin tó bá fóònù náà wá, kí ẹ sì fi orin tí wọ́n yọ láti inú CD sí i. Láti 1982 tí CD ti jáde ni iye sáńpù rẹ̀ ti jẹ́ 44,100. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, iná á fi 48 hàn. Ẹ pa orin yẹn, ẹ fi fáìlì 96 sí i. Iná ò mira, 48 náà ni. Ẹ fi 192 sí i. 48 ṣì ni.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni ojú mi ti là sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ra DAC tó lè gba 384 ń wo iná tó ń sọ fún un pé fóònù kò tíì fi orin lé DAC lọ́wọ́ bó ṣe wà nínú fáìlì, àní lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹnì kan wà láàárín fáìlì àti DAC, ó sì ń tún orin náà kọ.

Nínú Android, AudioFlinger ni wọ́n ń pe ẹ̀ka tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Gbogbo ohùn inú fóònù ló sábà máa ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá: orin, fídíò, géèmù, ìró pé àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé, ìró bọ́tìnì tí ẹ tẹ̀. Ó ń pò wọ́n pọ̀ di ìṣàn kan ṣoṣo kí wọ́n tó jáde. Bí wọ́n bá sì máa pò, eré kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa sá, gẹ́gẹ́ bí onílù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣe gbọ́dọ̀ mú ọwọ́ rẹ̀ bá ti ẹgbẹ́ tó bá lórí ìdúró. Iye tí wọ́n sábà ń yàn ni 48,000, èyí tó jẹ́ ti àwọn onífídíò. Láti sọ 44,100 di 48,000, fóònù á gba sáńpù 147, á sì dá 160 padà. Nínú 160 yẹn, ẹyọ kan péré ló bọ́ sí àkókò kan náà pẹ̀lú sáńpù tó wà nínú fáìlì. Gbogbo ìyókù, fóònù ló ṣírò wọn.

Ṣé ìṣirò náà ba orin jẹ́? Ibí ni mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta DAC. Lórí fóònù òde òní, ìṣirò yẹn dára gan-an, àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀ sì kéré débi pé ọ̀pọ̀ etí ò lè dá a mọ̀. Fáìlì 96 tí wọ́n sọ di 48 ṣì gbé ohùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24,000 Hz, ìyẹn iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ etí ọmọdé tó yá gágá pàápàá kì í gbọ́ kọjá nǹkan bí 20,000. Bíìtì 16 tí CD ń lò fún sáńpù kọ̀ọ̀kan náà fún wa ní àyè nǹkan bí 96 dB, òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó, láàárín ohùn tó ga jù àti ariwo ìsàlẹ̀, àyè yìí sì pọ̀ ju ohun tí yàrá tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lè jẹ́ ká lò lọ. Ẹni kejì wa tó ní òun ò gbọ́ ìyàtọ̀, etí rẹ̀ ò bàjẹ́ rárá. DAC inú fóònù rẹ̀ dára, íápíìsì rẹ̀ kò nílò agbára púpọ̀, 48 kan náà ló sì ń dé ọ̀dọ̀ DAC méjèèjì.

Bí a ṣe ń mú kí iná yí

Àwọn kan ṣì fẹ́ kí fáìlì dé bó ṣe wà, mo sì fara mọ́ wọn. Ìdí tèmi ni pé ojú ọ̀nà yẹn kan náà ni àwọn ètò amóhùndùn tí ilé iṣẹ́ fóònù fi síbẹ̀ máa ń wà: Dolby Atmos, báàsì àfikún, ohùn tó ń yí wa ká. Àwọn wọ̀nyí ń yí orin padà débi tí etí á fi gbọ́ ọ, lórí àwọn fóònù kan wọ́n sì máa ń wà ní títàn láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Ẹ pa gbogbo wọn kí ẹ tó dá DAC kankan lẹ́jọ́.

Lórí Android, áàpù tó ní awakọ̀ USB tirẹ̀, ìyẹn ètò tó ń bá ẹ̀rọ USB sọ̀rọ̀ tààrà, ló ń gba ẹ̀yìn AudioFlinger kọjá. USB Audio Player PRO àti Neutron wà lára wọn. Bí ẹ bá ti ki DAC bọ̀ ọ́, fóònù á béèrè bóyá kí áàpù náà máa lo ẹ̀rọ USB yìí. Ẹ gbà fún un, lẹ́yìn náà kí ẹ wọ sẹ́tíńgì USB rẹ̀ láti tan ipò tí wọ́n ń pè ní bit-perfect, ìyẹn kí fáìlì jáde bó ṣe wà gan-an. Iná á yí lójú ẹsẹ̀. Android 14, tó jáde ní 2023, ti fi ọ̀nà irú èyí sínú ètò fóònù fúnra rẹ̀, àmọ́ áàpù gbọ́dọ̀ béèrè fún un, ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà sì gbọ́dọ̀ ti ṣí i sílẹ̀. Lórí iPhone kò le tó bẹ́ẹ̀. Nínú Settings, ẹ lọ sí Apps, kí ẹ wọ Music, lẹ́yìn náà Audio Quality, ẹ tan Lossless Audio, kí ẹ sì yan Hi-Res Lossless. Fóònù á máa yí iye sáńpù padà bá fáìlì títí dé 192. Láìsí DAC ìta, 48 ló mọ. iPhone 15 àti àwọn tó tẹ̀ lé e ní ihò USB-C. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ nílò okùn Lightning sí USB tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà kí DAC USB tó lè wọ̀ ọ́.

Ewu kan wà nínú ipò bit-perfect tí àwọn ènìyàn kì í sọ tó. Bí kò bá sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan sáńpù, a jẹ́ pé fóònù náà ò gbọ́dọ̀ dín in kù, nítorí náà bọ́tìnì fólúùmù fóònù lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Bí DAC náà kò bá ní fólúùmù tirẹ̀, gbogbo agbára rẹ̀ ló máa tú sínú íápíìsì lẹ́ẹ̀kan náà. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ yọ íápíìsì létí nígbà àkọ́kọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ orin, kí ẹ gbọ́ ọ láti ọwọ́ ná. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ààlà rẹ̀ sí 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bí ohùn bá gòkè dé 90, wákàtí mẹ́rin péré ló kù.

Ẹni kẹta, tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀

Fólúùmù méjì ló wà nínú ọ̀pọ̀ DAC kékeré. Ọ̀kan wà nínú fóònù, tó jẹ́ ìṣirò lásán. Èkejì wà nínú DAC fúnra rẹ̀. Àwọn fóònù kan ń gbé tiwọn sókè dé òpin láìfọwọ́ kan ti inú DAC, DAC á sì dúró síbi tó rẹlẹ̀ tó wà nígbà tí iná kọ́kọ́ dé ara rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ mọ̀ ni okùn USB-C sí ihò íápíìsì 3.5 mm tí Apple ń tà, tí DAC wà nínú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dára púpọ̀ fún bó ṣe kéré tó, bíìtì 24 àti 48,000 sì ni ààlà rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Áàpù tó lè darí fólúùmù inú DAC ló ń tú u sílẹ̀. Nínú USB Audio Player PRO, ẹ wá hardware volume. Èyí tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù tún yàtọ̀: nǹkan bí ìdajì volt ló ń tú jáde, nígbà tí ti Amẹ́ríkà ń tú nǹkan bí volt kan. Ìyàtọ̀ 6 dB nìyẹn.

Kò sí ẹni tó lu ẹni kẹta wa ní jìbìtì. Ilẹ̀kùn kan ló kù tí fóònù rẹ̀ kò ṣí.

Ibi tí ìyàtọ̀ tó ṣeé gbọ́ wà

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ ẹni kìíní, ẹni tí orin rẹ̀ yí padà. Lójú tèmi, kì í sábà jẹ́ apá tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn ló ṣe é fún un. Apá tó ń fún íápíìsì ní agbára ni, èyí tó wà nínú páálí kan náà tí a ń pe gbogbo rẹ̀ ní DAC.

Ohun méjì ló wà níbẹ̀, àkọ́kọ́ ni volt. Ká mú hẹ́dífóònù ńlá tí ìdènà rẹ̀ sí iná jẹ́ 300 ohm, tí milliwatt kan sì ń mú kí ó dún ní 97 dB. Fóònù tó lè fún un ní volt kan á fún un ní nǹkan bíi milliwatt 3.3, torí a ń fi volt lọ́po ara rẹ̀ ká tó fi ohm pín in. Ohùn tó ga jù tí a lè rí gbà á jẹ́ nǹkan bí 102 dB. Ó dà bíi pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ dáadáa máa ń ní ìró ìlù tó fi ogún dB ga ju ìpíndọ́gba orin yòókù lọ, a sì nílò àyè fún un. DAC tó fúnni ní volt méjì á gbé e dé 108, èyí tó ní ihò hẹ́dífóònù 4.4 mm tó sì ń tú volt mẹ́rin jáde á gbé e dé 114. Ìlù tí fóònù ń gé lórí tẹ́lẹ̀ á wá dún tán. Fún íápíìsì kékeré 16 ohm tó ń fi milliwatt kan dún ní 105 dB, agbára báyìí kò wúlò. Volt kan tí fóònù lè fún un ti ju ohun tó nílò lọ.

Èkejì ni ìdènà tó wà lẹ́nu DAC, èyí tí wọ́n ń kọ sí output impedance nínú ìwé rẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ọ̀pọ̀ ìyanu ti ń wá. Ìdènà inú íápíìsì tó ní ẹ̀rọ amóhùnjáde kéékèèké púpọ̀ nínú kì í dúró lójú kan. Ó lè jẹ́ 8 ohm níbi ohùn òkè, kó jẹ́ 40 níbi ohùn àárín. Bí ẹnu ohun tó ń fún un ní agbára bá ní 10 ohm tirẹ̀, ìpín volt tó dé íápíìsì níbi 8 ohm jẹ́ 8 nínú 18, ìyẹn ìsọ̀kalẹ̀ 7 dB. Níbi 40, ó jẹ́ 40 nínú 50, ìyẹn ìsọ̀kalẹ̀ nǹkan bí 2 dB. Ohùn òkè ti fi 5 dB rẹlẹ̀ ju bí ẹni tó ṣe íápíìsì náà ṣe fẹ́ ẹ lọ. Kò sí etí tí kò ní gbọ́ ìyẹn. Ẹ fi DAC tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 1 ohm rọ́pò rẹ̀, ìyàtọ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sí 0.8 dB. Irin ìlù á padà mọ́lẹ̀, fèrè á padà sún mọ́ni, ẹni kìíní á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yin sáńpù 384,000 fún iṣẹ́ tí ìdènà kékeré ṣe.

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ohùn ń lò ni pé kí ìdènà ẹnu DAC má ju ìdá mẹ́jọ ìdènà íápíìsì lọ. Fún íápíìsì 16 ohm, ẹ wá 2 ohm tàbí kó dín. Fún hẹ́dífóònù 300 ohm, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí da ara yín láàmú.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí ni èyí tí etí kò lè dá mọ̀, nọ́ńbà tí etí lè dá mọ̀ sì wà ní ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé, bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ ọ́. Wọ́n ń kọ́ wa láti fi ojú gbọ́ orin. Ẹni tó jókòó ní ilé ìgbohùnsílẹ̀, tó fara balẹ̀ to ìlù, gìtá àti ohùn akọrin sí àyè wọn, kò retí pé 384 ló máa gbé iṣẹ́ òun dé ọ̀dọ̀ wa. Ó retí pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ á dé ní ìwọ̀n tí òun fi sí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ràn orin yẹ kó mọ ibi tí ìwọ̀n yẹn ti ń sọnù.

Ohun tí kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́

Okùn USB-C sí 3.5 mm kan wà tí kò ní DAC kankan nínú. Ńṣe ló ń retí pé kí fóònù ti sọ nọ́ńbà di ohùn kó tó tú u jáde láti ihò ṣájà, ọ̀pọ̀ fóònù kì í sì ṣe é. Bí ẹ bá ki irú rẹ̀ bọ fóònù bẹ́ẹ̀, fóònù á ní òun ò mọ ohun tó jẹ́, tàbí kí ohùn máa jáde láti agbóhùnsókè rẹ̀. Kí ẹ tó rà á, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ iye sáńpù àti bíìtì sí i. Èyí tí kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ fura sí i.

Lórí OPPO, realme àti OnePlus, OTG, ohun tó ń jẹ́ kí fóònù lè lo ẹ̀rọ USB, wà nínú sẹ́tíńgì tí ẹ gbọ́dọ̀ tan fúnra yín lórí ọ̀pọ̀ wọn, ó sì máa ń pa ara rẹ̀ bí a kò bá lò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ bá ti ṣí Developer options rí, ẹ wo Disable USB audio routing. Bí ó bá wà ní títàn, DAC á gba iná ṣùgbọ́n ohùn ò ní dé ibẹ̀. Áàpù tó ní awakọ̀ tirẹ̀ sì máa ń di DAC mú: bí fídíò kò bá fọhùn lẹ́yìn tí ẹ ti gbọ́ orin tán, ẹ yọ DAC, kí ẹ tún un kì bọ̀ ọ́.

DAC tó ní bátìrì tirẹ̀ ń mú ìṣòro mìíràn wá. Fóònù lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi bátìrì tirẹ̀ ṣájì DAC, tàbí kí àwọn méjèèjì má mọ ẹni tó ń darí. Okùn tó bá DAC náà wá ni kí ẹ lò, torí àwọn kan ní orí tó gbọ́dọ̀ wọ fóònù àti èyí tó gbọ́dọ̀ wọ DAC. Ariwo gàrà-gàrà tó ń wá nígbà tí fóònù ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, okùn ló ń fa á wọlé. Okùn tí wọ́n bò dáadáa máa ń dín in kù, bíbọ́ sí airplane mode sì ń pa á pátápátá. DAC tó le gbagidi tó yọ síta tààrà lè fọ́ ihò ṣájà nínú àpò. Èyí tó ní okùn kúkúrú ló dára jù. Ní ti Bluetooth, kò sí ohun tí DAC yìí lè ṣe níbẹ̀, torí inú íápíìsì ni DAC tirẹ̀ wà.

Bí a ṣe ń dá ẹjọ́ láàárín méjì

Agbọ́ tẹnu ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà. Etí wa máa ń fi èyí tó dún sókè ju èkejì lọ ṣe èyí tó dára jù, bí ìyàtọ̀ wọn ò bá tilẹ̀ tó dB kan. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé DAC ìta borí ti fóònù, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì dún dọ́gba. Ẹ wá ìró kan ṣoṣo tó jẹ́ 60 Hz, torí mítà oníná kì í sábà ka ohùn òkè dáadáa. Ẹ fi okùn tó pín sí méjì so íápíìsì àti mítà mọ́ ẹnu kan náà, kí íápíìsì lè wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé mítà sí AC, kí ẹ ka millivolt. Bí ti fóònù bá jẹ́ 200, ẹ tún ti DAC ṣe títí yóò fi wà láàárín 198 sí 202, 0.1 dB nìyẹn. Bọ́tìnì fóònù kì í lè dá a dé bẹ́ẹ̀ torí ìgbésẹ̀ rẹ̀ ga jù, ẹ lo ti inú áàpù.

Lẹ́yìn náà, kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ wọn láìsọ fún yín, kí ó fi owó ẹyọ yan èyí tó kàn, kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹ máa sọ èyí tí ẹ rò pé ó jẹ́, nígbà mẹ́rìndínlógún. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n nígbà 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣòro kó jẹ́ oríire lásán: ẹni tó kàn ń sọ ọ́ láìmọ̀ á dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 26. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, DAC náà wúlò fún íápíìsì yín, ẹ máa lò ó.

Bí ẹ kò bá dé ibẹ̀, owó náà ní ibòmíràn tó lè lọ. Rọ́bà orí íápíìsì ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ fi orin tó ní báàsì sí i, kí ẹ fi ìka ti íápíìsì náà díẹ̀ wọ inú etí. Bí báàsì bá pọ̀ sí i, atẹ́gùn ń jáde níbẹ̀, rọ́bà náà kéré jù fún yín.